Kéèkì Yìgì Qaosarat

Bí Fọláṣẹwà bá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ilé rẹ̀ ní Ìkirè, kì í wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Yóò kọ́kọ́ dúró lábẹ́ igi máńgòrò, yóò fi ọwọ́ kan di báàgì mú, yóò fi èkejì ti ìbàdí, yóò sì mí kanlẹ̀. Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Láàárín iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti ń kọ́ni ní Àpòmù àti iṣẹ́ tó ń dúró dè é nínú ilé, ìṣẹ́jú méjì yìí nìkan ló jẹ́ ti ara rẹ̀. Àwọn aládùúgbò tó ń rí i níbẹ̀ rò pé àdúrà ló ń gbà. Kò gbàdúrà kankan. Ó kàn ń dúró ni.

Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni. Ọmọ Àpòmù ni, ilé onígbàgbọ́ ni wọ́n sì bí i sí. Bàbá rẹ̀ ló ń darí akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, ìyá rẹ̀ ló ń yan búrẹ́dì nínú ààrò alámọ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé wọn. Ọwọ́ Fọláṣẹwà ti mọ fúláwà kó tó mọ gègé. Nígbà tó fẹ́ Titus, akọ̀wé ní ìjọba ìbílẹ̀, tó sì bá a wá sí Ìkirè, kéèkì ló ń yan dípò búrẹ́dì ìyá rẹ̀. Ìsọmọlórúkọ kì í wáyé ní àdúgbò náà kí kéèkì Ìyá Ìyìn, bí wọ́n ṣe ń pe Fọláṣẹwà, má dé ibẹ̀. Àwọn obìnrin máa ń wá kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á lọ gbìyànjú, wọ́n á sì padà wá ráhùn pé tàwọn kò rí bí tirẹ̀.

"Ẹ ò pò ó pẹ́ tó ni," ni yóò wí fún wọn. "Bọ́tà àti ṣúgà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kánjú pò. Ẹ máa pò ó títí yóò fi funfun bí òwú."

Àmọ́ láti ọdún méjì sẹ́yìn, ọwọ́ tó ń po bọ́tà náà ti ní iṣẹ́ mìíràn. Lówurọ̀ ọjọ́ kan, Titus jókòó sórí àga, ó ń so okùn bàtà, ọwọ́ òsì rẹ̀ kọ̀, kò gbé okùn. Kó tó di ọ̀sán, ẹsẹ̀ òsì náà ti tẹ̀lé e, ẹnu rẹ̀ sì ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Rọpárọsẹ̀ ni. Oṣù méjì ni wọ́n lò ní ọsibítù. Nígbà tí wọ́n dé ilé, ó lè fi ọ̀pá rìn láti orí bẹ́ẹ̀dì dé orí àga pálọ̀, kò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá ń ka ẹ̀kọ́ kejì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó ń kọjá lójú títì ń gbọ́, òun náà ló wá di ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ ní ìdajì, ní ìdajì.

Èyí tó wúwo jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé Titus kò fẹ́ kí ọwọ́ ẹlòmíràn kan òun. Ìyìn, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, wá ọkùnrin kan tó mọ iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn, ó mú un wá sílé. Titus kò bú ọkùnrin náà, kò sì lé e. Ó kàn kọ̀ láti bọ́ aṣọ ni. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi jókòó pẹ̀lú ẹ̀wù kan náà lọ́rùn, tó di ẹnu, títí ọkùnrin náà fi di ẹrù rẹ̀ tó lọ.

"Ìyàwó mi... wà," ni Titus wí nígbà tí Ìyìn fi fóònù bi í léèrè.

Nítorí náà, ìyàwó rẹ̀ wà. Aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí ni ìyàwó rẹ̀ ń jí. Yóò gbé omi kaná, yóò wẹ ọkọ rẹ̀, yóò fi ìpara pa á lára, yóò wọṣọ fún un, yóò fún un ní ẹ̀kọ mu, yóò gbé oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ sínú fúláàsì sí ibi tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ yóò ti tó o. Lẹ́yìn èyí ni yóò tó wọ ọkọ̀ lọ sí Àpòmù láti lọ kọ́ ọmọ mẹ́tàdínlógójì ní bí a ṣe ń kàwé. Bó bá dé, yóò tún bẹ̀rẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Bí wọ́n bá bi í pé, "Ara bàbá ńkọ́?" yóò ní, "A dúpẹ́." Kò sẹ́ni tó ń béèrè ara tirẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo tó máa ń béèrè ni Nàfísátù, obìnrin tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn. Dòdò ni Nàfísátù ń ṣe, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá ààlà tí wọ́n ń gún pọ̀ mọ́ ata kí wọ́n tó dín in nínú epo, tó sì ń tà á fún àwọn arìnrìn-àjò lẹ́bàá títì márosẹ̀. Ó ti tó ogún ọdún tí àwọn méjèèjì ti ń yá iyọ̀ lọ́wọ́ ara wọn. Àkọ́bí Nàfísátù, Qaosarat, orí ẹsẹ̀ Fọláṣẹwà ló ti kọ́ a, b, d. Nígbà tí ọjọ́ yìgì Qaosarat ku ọ̀sẹ̀ méjì, Nàfísátù kọjá wá ní ọjọ́ Àìkú, ó gbé dòdò díẹ̀ lọ́wọ́, ó sì jókòó sí etí àga bí ẹni tí kò fẹ́ pẹ́.

"Ìyá Ìyìn, mi ò fẹ́ yọ yín lẹ́nu. Mo mọ ohun tó wà lọ́rùn yín. Àmọ́ Qaosarat ní bí kì í bá ṣe tiyín, òun ò fẹ́ kéèkì kankan."

Fọláṣẹwà la ẹnu láti sọ pé kò ní ṣeé ṣe. Ohun tó gbọ́ tó jáde lẹ́nu òun fúnra rẹ̀ ni, "Ìpele mélòó ló fẹ́?"

"Ó ní mẹ́ta."

"Kò burú."

Nígbà tí Nàfísátù lọ tán, Titus, tó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti inú yàrá, pè é. "O ò lè... ṣe é."

"Mo ti gbà, Bàbá Ìyìn. Ọmọ wa ni."

"Wo ojú rẹ... nínú dígí."

Kò wò ó. Ìgbà wo ló ráyè wo dígí?

Ọjọ́ yìgì bọ́ sí Sátidé, ó sì di dandan kó yan kéèkì náà ní ọ̀sán Jímọ̀. Jímọ̀ ọ̀hún ni wọ́n ṣe ìdíje eré sísá ní iléèwé. Láti aago mẹ́jọ ni Fọláṣẹwà ti dúró sínú oòrùn, tó ń to àwọn ọmọ kéékèèké sórí ìlà ẹfun, tó ń gbá ẹni tó ṣubú mọ́ra. Aago méjì kọjá nígbà tó dé Ìkirè. Ó bọ́ aṣọ, ó ṣe ìtọ́jú Titus, ó fún un lóúnjẹ, ó sì wọ ilé ìdáná.

Ó fọ́ ẹyin. Ó po bọ́tà mọ́ ṣúgà nínú abọ́ ńlá pẹ̀lú ọmọrogùn tó ti ń lò láti ọdún pípẹ́. Ní ìdajì ọ̀nà, èjìká ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Ó gba ọmọrogùn sí ọwọ́ òsì, ó ń bá a lọ. Kò dẹ́kun títí ó fi funfun bí òwú. Ó kọ́kọ́ yan páànù kékeré, ìyẹn èyí tí yóò wà lókè pátápátá. Ó jáde dáadáa, ó wú, ó pọ́n bí iyanrìn odò. Ó gbé e sórí tábìlì, ó wá ti páànù ńlá méjì tó kù bọ inú ófùnù pọ̀, ófùnù onígáàsì tí wẹ́dà kan ní Àpòmù fi irin jó pọ̀ fún un. Ó ní òun yóò fi ẹ̀yìn ti ògiri díẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀. Ìtura tó bá a nígbà tí orí rẹ̀ kan ògiri tutù yẹn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi rò pé, "Ìṣẹ́jú márùn-ún péré."

Ohun tó jí i ni ariwo igi lára ilẹ̀kùn. Gbà. Gbà. Gbà. Ó la ojú, kò rí nǹkan kan. Èéfín ti kún ilé ìdáná, ó dúdú, ó ń ta ní imú. Ó rọra fojú wá ibi tí ariwo náà ti ń wá, ó sì rí Titus nílẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti fi ìdí wọ́ láti pálọ̀ dé ibẹ̀, ó ti na ọwọ́ ọ̀tún pa gáàsì, ó sì ti ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ ófùnù, tó ń fi ọ̀pá rẹ̀ lu ilẹ̀kùn nítorí ohùn rẹ̀ kò ròkè tó láti jí i.

Ó fò dìde, ó ṣí fèrèsé, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó fi àkísà fa páànù méjèèjì jáde. Wọ́n ti di èédú. Ó wá yíjú sí Titus, ẹ̀rù tó bà á sì jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ìbínú.

"Ta ló ní kí ẹ dìde? Bí ẹ bá ṣubú lé irin gbígbóná ńkọ́?"

"Iná..."

"Ẹ ò bá pè mí."

"Mo pè ẹ́... Mo pè ẹ́ títí."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá rẹ̀ láti gbé e dìde bó ṣe ń gbé e lójoojúmọ́. Kò gbé e. Ó tún gbìyànjú. Apá rẹ̀ kò ní agbára kankan nínú, bí okùn tó ti rà. Titus wúwo lọ́wọ́ rẹ̀ bí àpò sìmẹ́ǹtì, ó sì rí i pé ṣòkòtò ọkọ òun ti tutù fún ìtọ̀. Fọláṣẹwà fi í sílẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nínú èéfín, ó sì sọ ohun tí kò tíì sọ láti ọdún méjì.

"Ó ti rẹ̀ mí, Bàbá Ìyìn. Ó ti rẹ̀ mí débi pé mi ò mọ ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ sú mi, ilé sú mi. Ẹ̀yin náà, ẹ ti sú mi."

Kò pariwo. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka orúkọ nínú ìwé. Lẹ́yìn tó sọ ọ́ tán, ó ń dúró de ohun tí ọkọ rẹ̀ yóò ṣe. Titus kò wò ó. Ó ń wo ọwọ́ òsì rẹ̀ tó dùbúlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì bí ohun tí ẹlòmíràn gbàgbé síbẹ̀.

"Mo mọ̀," ló wí. "Ó ti pẹ́... tí mo ti mọ̀."

Báyìí ni Nàfísátù bá wọn. Ó ti rí èéfín láti ojúde rẹ̀, ó rò pé ilé ń jó, ó sì sáré kọjá títì, òun àti àbúrò rẹ̀ Gàrúbà, àgbẹ̀ kan tó ní oko kòkó lọ́nà Orílẹ̀-Òwu. Gàrúbà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti oko ni, kò tíì bọ́ bàtà òjò lẹ́sẹ̀. Nígbà tó rí i pé kò sí iná, kò béèrè nǹkan kan. Ó bọ́ bàtà sí ẹnu ọ̀nà, ó lóṣòó síwájú Titus.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, bàbá. Ẹ gbé ọwọ́ ọ̀tún kọ́ mi lọ́rùn. Ẹ má fún ara yín le. Ẹ jẹ́ kó wúwo, èmi ni kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ fún."

Fọláṣẹwà ń retí pé Titus yóò di ẹnu bó ṣe di í fún ọkùnrin olùtọ́jú aláìsàn tí Ìyìn mú wá. Ṣùgbọ́n Titus gbé ọwọ́ kọ́ ọ lọ́rùn. Gàrúbà gbé e dìde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wẹ́rẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ kan ṣòkòtò tó tutù, ojú rẹ̀ kò yí padà.

"Níbo ni balùwẹ̀ wà?" ni Gàrúbà bi Fọláṣẹwà.

"Ẹ gbé e sórí àga," ni Fọláṣẹwà wí, ó ń sáré dìde. "Ẹ fi sílẹ̀, ẹ ṣé. Èmi ni mo máa ń—"

"Jẹ́ kó... wẹ̀ mí," ni Titus wí.

Fọláṣẹwà dúró. Ó rò pé òun ṣì í gbọ́. Titus kò tún un sọ. Ó gbé orí lé èjìká Gàrúbà, ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì ń wo ilẹ̀. Fọláṣẹwà mọ ọkọ rẹ̀. Ó mọ ohun tí gbólóhùn kékeré yẹn gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kàn nawọ́ sí ọ̀nà balùwẹ̀.

"Ọdún mẹ́rin ni mo fi wẹ bàbá tiwa," ni Gàrúbà ń sọ fún Titus bí wọ́n ti ń lọ díẹ̀díẹ̀. "Wọ́n máa ń bú mi. Bí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ bú mi. Kò sí wàhálà."

Ó wá ku àwọn obìnrin méjèèjì nínú ilé ìdáná. Nàfísátù wo páànù dúdú méjì náà pẹ́. Òun náà ti gbọ́kàn lé kéèkì yìí. Ó ti sọ fún àwọn àna pé ìpele mẹ́ta ni. Fọláṣẹwà rí i lójú rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀wọ́, Ìyá Qaosarat. Oorun ló gbé mi lọ. N ó tún un ṣe. N ó bẹ̀rẹ̀ báyìí."

"Pẹ̀lú ọwọ́ wo?"

Fọláṣẹwà wo ọwọ́ rẹ̀. Méjèèjì ń gbọ̀n.

"Ẹ dìde," ni Nàfísátù wí. Ó fà á dìde, ó jókòó tì í lórí àpótí kan náà, tí àpótí náà sì ń ké lábẹ́ wọn. "Inú mi ò dùn, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n kéèkì kọ́ ló ń so yìgì. Èyí tó wà lórí tábìlì yẹn ńkọ́?"

"Kékeré ni. Ti òkè ni."

"Ó rẹwà. Òun la máa lò."

"Àwọn èèyàn yóò sọ̀rọ̀."

"Bó jẹ́ mẹ́wàá pàápàá, wọ́n á sọ̀rọ̀." Láti balùwẹ̀, wọ́n ń gbọ́ bí omi ṣe ń dà. "Ìyá Ìyìn, ta ló ń tọ́jú yín?"

Fọláṣẹwà fi etí ìró nu ojú, ó ní èéfín ni. Nàfísátù gbà pé èéfín ni.

Ní àárọ̀ Sátidé, Fọláṣẹwà fi áísìn funfun bo kéèkì kékeré náà, ó fi ṣúgà ṣe òdòdó mẹ́ta sí i lórí. Ọ̀kan wọ́ díẹ̀ nítorí ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n. Wọ́n gbé e lọ. Àwọn kan nínú àwọn àna wò ó, wọ́n wo ara wọn, obìnrin kan sì bi Nàfísátù pé ṣé àwòṣe ni. Fọláṣẹwà kò sí níbẹ̀ láti gbọ́. Ó ti dùbúlẹ̀ kó lè sinmi kó tó wọṣọ, oorun sì gbé e láti aago mẹ́wàá òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Qaosarat wá kí i kí wọ́n tó mú un lọ sí ilé ọkọ rẹ̀ ní ẹ̀bá Àṣẹ́jirè. Pẹ̀lú léèsì funfun àti ìbòrí tó bá a mu, ó kúnlẹ̀ sí pálọ̀ níwájú Titus, ó ní òun fẹ́ dágbére fún Mọ́mì.

"Jẹ́ kó sùn," ni Titus wí.

Nígbà tí Fọláṣẹwà jí tó gbọ́, ó dùn ún gan-an. Ọmọ tó gbé lórí ẹsẹ̀, kò rí i lọ́jọ́ ìyàwó rẹ̀. Ó ní kí ló dé tí wọn ò jí òun. Titus mi orí. Ó ní òun kò lè jí ẹni tó ń sùn bẹ́ẹ̀.

Wọ́n fi àdéhùn sí i pé Gàrúbà yóò máa wá wẹ Titus ní ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, kó tó gba oko lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló mú àbá náà wá, Titus ló sì dáhùn kí ìyàwó rẹ̀ tó dáhùn. Ní ti kéèkì, Fọláṣẹwà rán Nàfísátù sí àwọn obìnrin àdúgbò pé òun kò ní yan ohunkóhun mọ́ títí iléèwé yóò fi gba họlidé. Àwọn kan bínú. Ó jẹ́ kí wọ́n bínú.

Àárẹ̀ náà kò lọ. Àárẹ̀ ọdún méjì kì í tán lọ́jọ́ méjì. Ní ọjọ́ Ajé, ó tún jí ní aago mẹ́rin àbọ̀, ó wẹ Titus, ó ń fi ìpara pa á lẹ́yìn nígbà tí Titus sọ̀rọ̀.

"Ohun tí o sọ... lọ́jọ́ Jímọ̀."

"Ẹ má dá a lóhùn. Èéfín ló sọ ọ́."

"Òótọ́ ni."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí èjìká ọkọ rẹ̀. Ó ronú lé e lórí, nítorí kò fẹ́ purọ́ fún un láàárọ̀ yẹn. "Òótọ́ ni," ló wí níkẹyìn. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́ tó wà nínú mi nìyẹn."

Titus mi orí. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn, ó rọra fọwọ́ gbá a ní orúnkún lẹ́ẹ̀mejì, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí ara rẹ̀ ṣì dá.

Ní ọjọ́ kejì, Gàrúbà dé kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ó gbé omi gbígbóná wọ balùwẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Fọláṣẹwà jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó ti wọ aṣọ iṣẹ́ tán, aago mẹ́fà kò sì tíì lù. Ó ń gbọ́ ohùn wọn. Titus ń béèrè bóyá òjò ọdún yìí kò ti pọ̀ jù fún kòkó. Gàrúbà ní ó ti pọ̀ jù, ó ní kòkó ìlàjì oko òun ti dúdú lórí igi. Titus ní kí ló dé tí kò fi oògùn sí i kí òjò tó dé. Gàrúbà bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Titus, ní ìdajì, ní ìdajì, ń jiyàn padà, ọ̀rọ̀ náà sì ń gùn.

Fọláṣẹwà wá iṣẹ́ tí yóò ṣe, kò rí. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó sì jókòó bẹ́ẹ̀.